Ọkọ̀ Ogun Inú Páálí

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ má bínú sí mi lóṣù yìí. Ìwé tuntun àti eré orí ìtàgé ni mo máa ń yẹ̀ wò fún yín, àmọ́ ohun tí mo gbé dání lónìí kì í ṣe ìwé, kì í sì í ṣe eré. Páálí kan ni. Inú páálí náà ni odindi ọkọ̀ ogun wà ní wẹ́lẹwẹ̀lẹ, bí ẹran tí alápatà ti kun sílẹ̀. Ìwọ tí o rà á ni yóò tò ó pọ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko ni èmi àti ọmọ àbúrò mi obìnrin fi tò ó ní Sátidé Sátidé, lórí tábìlì ìdáná ìyá rẹ̀ ní Peckham, ní ìlú London. Ẹni tó bá fi oṣù mẹ́ta tẹjú mọ́ nǹkan kan tó ẹni tí í sọ ibi tó dára àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe dé ọwọ́ wa. Ọmọ náà pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó wọlé lọ́jọ́ kan, ó ní òun fẹ́ wọ iṣẹ́ ológun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bẹ́ẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n ti ń gbà síbẹ̀! Ìyá rẹ̀ figbe ta. Ó pè mí lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà: "Bọ̀dá mi, ẹ dákun, ẹ wá bá mi bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀ o. Ẹnu yín nìkan ló máa ń gbọ́." Mo rò ó títí. Mo mọ ọmọ náà, kò ní sùúrù rárá. Mo ní bí mo bá fún un ní ọkọ̀ ogun tí yóò máa fi abẹ gé, tí yóò máa fi góòmù lẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, ọkọ̀ ogun á sú u pátápátá. Ọgbọ́n àgbàlagbà tí mo dá nìyẹn. Ẹ óò rí ibi tó já sí.

Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe àwòṣe rẹ̀ ni HMS Daring, ọ̀kan nínú irú ọkọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní destroyer, ìyẹn apanirun. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni Onígboyà. Ọjọ́ kìíní oṣù Fẹ́búárì 2006 ni wọ́n tì í sómi ní Glasgow, ó sì wọ iṣẹ́ ní 2009. Òun ni àkọ́bí nínú mẹ́fà: Daring, Dauntless, Diamond, Dragon, Defender, Duncan. Bí àwọn ọmọ bàbá kan náà ni orúkọ wọn ṣe rí. Méjìlá ni ìjọba kọ́kọ́ ní àwọn fẹ́ ṣe. Owó kò jẹ́, wọ́n bọ́ sórí mẹ́jọ, wọ́n tún bọ́ sórí mẹ́fà. Owó ọ̀kọ̀ọ̀kan ju bílíọ̀nù kan pọ́nún lọ. Èyí tó wà nínú páálí tiwa kò gọ́n tó bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àbúrò mi ní owó aṣọ ni mo fi ra ike.

Ìdá kan nínú 350 ni wọ́n fi ṣe àwòṣe yìí. Ọkọ̀ gidi gùn tó mítà 152. Tiwa gùn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́tàlélógójì àti díẹ̀, bí i láti ìgúnpá mi dé orí ìka. Bí èèyàn bá dúró lórí irú ọkọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀, gíga rẹ̀ á jẹ́ mìlímítà márùn-ún péré, kò tó hóró ìrẹsì kan. Ẹ fi èyí sọ́kàn o, nítorí a óò padà síbẹ̀.

Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé ìlànà wọn, àwòrán lásán ni. Ẹni tí kò lọ ilé ìwé rí lè tẹ̀ lé e. Mo gbóríyìn fún wọn níbẹ̀. Àwọn ẹ̀yà ọkọ̀ náà wà lára férémù ike bí èso lára igi, nọ́ńbà sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa gé e jẹ́jẹ́, ẹ máa fi sáńpépà ra á, ẹ wá fi góòmù díẹ̀ sí i. Góòmù díẹ̀ ni mo wí o. Èyí tí ọmọ náà kọ́kọ́ fi sí i ní Sátidé àkọ́kọ́ tó láti fi lẹ bàtà.

Nǹkan kan wà tó pa mí lẹ́rìn-ín bí a ṣe ń ṣe é. Ọkọ̀ gidi náà, bí èyí tó wà nínú páálí ni wọ́n ṣe tò ó. Portsmouth, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti ṣe iwájú rẹ̀ àti òpó rẹ̀, tí wọ́n fi ọkọ̀ pẹrẹsẹ gbé wọn gba ojú òkun lọ sí Glasgow, níbi tí wọ́n ti so wọ́n mọ́ ìyókù. Tiwa náà ní Nàìjíríà kò yàtọ̀ púpọ̀. Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti kọ́ NNS Aradu, tó wọ iṣẹ́ ní 1982. Ọ̀nà tí wọ́n fi kọ́ irú ọkọ̀ yẹn ni pé àwọn ohun ìjà rẹ̀ wà nínú àpótí àpótí tí wọ́n lè yọ, kí wọ́n fi òmíràn rọ́pò. Bí ilé iṣẹ́ kan bá lè ṣe Aradu sínú páálí, èmi ni n óò kọ́kọ́ rà á. Mo ti wá a dé gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí mo mọ̀, n kò rí i.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká yẹ iṣẹ́ wọn wò. Ìdí ọkọ̀ náà dára. Apá ọ̀tún àti apá òsì pàdé ara wọn déédéé, a kò lo àmọ̀ dí ibì kankan. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà tẹ̀ díẹ̀ bó ṣe yẹ kó tẹ̀. Iṣẹ́ ńlá sì ni títẹ̀ yẹn, kì í ṣe oge. Bí rédà ọ̀tá bá ju ìtànṣán rẹ̀ lu ògiri tó dúró ṣánṣán, ìtànṣán náà á padà sọ́dọ̀ ẹni tó jù ú. Àmọ́ bí ògiri bá tẹ̀, ìtànṣán á ta síbòmíràn, ọkọ̀ ńlá á sì dà bí ọkọ̀ kékeré lójú ọ̀tá. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ ogun òde òní fi dán bí ògiri ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. Ẹni tó bá ti to ọkọ̀ ayé ogun Hitler rí yóò sọ pé oúnjẹ ojú kò sí níbí. Ti ayé ìgbà yẹn, ìbọn lọ́tùn-ún, ìbọn lósì, ihò èéfín, ọkọ̀ ìgbẹ̀mílà, okùn, àkàbà. Daring kò ní irú èyí púpọ̀. Sátidé mẹ́rin la fi kun àwọ̀ eérú sára ògiri, àwọ̀ eérú kan náà. Mo ń wo ojú ọmọ náà, mo ń retí kó sú u. Kò sú u.

Òpó ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn, ibẹ̀ náà ni iṣẹ́ wọn ti mẹ́hẹ. Òpó ńlá olórí ṣóńṣó kan wà láàárín ọkọ̀ yìí, bọ́ọ̀lù rogodo kan sì wà lórí rẹ̀. Rédà tí wọ́n ń pè ní SAMPSON ló wà nínú bọ́ọ̀lù náà, ó máa ń yí po ní ìgbà ọgbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú kan. Nínú àwòṣe yìí kò lè yí rárá, góòmù ni wọ́n ní kí a fi lẹ̀ ẹ́ pa. Àwọn ògiri òpó náà kò bára mu. Àlàfo tó wà láàárín wọn tó ibi tí èékánná lè wọ̀. Sátidé méjì la fi ra á kó tó ṣeé wò. Ibi tí gbogbo ojú yóò kọ́kọ́ lọ lára ọkọ̀ náà sì nìyẹn! Ẹ ò rí i pé ó yẹ kí wọ́n ṣọ́ra níbẹ̀?

Ọmọ náà bi mí pé, "Ọ́ńkù, kí ló dé tí wọ́n gbé e ga tó báyìí? Ṣé kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ dànù?" Mo ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ayé yìí rí róbótó, ẹni tó wà nísàlẹ̀ kò lè rí ohun tó ń fò bọ̀ lẹ́bàá omi lọ́nà jíjìn, àfi kó gun òkè. Mo wá sọ ìtàn HMS Sheffield fún un, nítorí ẹni tí kò bá mọ Sheffield kò lè mọ ìdí tí òpó Daring fi ga.

Irú destroyer tó ṣáájú ti Daring ni Sheffield. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Karùn-ún 1982, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Ajẹntínà ń jà lórí erékùṣù Falklands, ọkọ̀ òfurufú méjì láti ilẹ̀ Ajẹntínà ju mísáìlì Exocet méjì. Ọ̀kan gba ara omi fò wá, ó sì ba Sheffield lẹ́gbẹ̀ẹ́. Iná sọ. Ogún èèyàn kú. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù náà ni ọkọ̀ náà rì nígbà tí wọ́n ń fà á lọ. Igi gogoro má gùn mí lójú, àtòkèèrè la ti ń wò ó. Òpó ara Daring ni igi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbìn lẹ́yìn tí igi ti gún wọn lójú.

Apá kan wà nínú ìtàn náà tí mo rò pé kò yẹ kí n fò. Nígbà tí wọ́n ń kan Sheffield ní Barrow ní 1971, nǹkan bú gbàmù nínú rẹ̀, òṣìṣẹ́ méjì kú, apá kan ọkọ̀ sì bàjẹ́. Kí ni wọ́n ṣe? Ọkọ̀ kan tó jọ ọ́ bí ìbejì wà nílẹ̀ tí wọ́n ń kàn lọ́wọ́. Ara rẹ̀ ni wọ́n ti mú irú apá yẹn wá fi dípò. Hércules ni orúkọ ọkọ̀ kejì yẹn. Orílẹ̀-èdè wo ni wọ́n ń kàn án fún? Ajẹntínà! Àwọn tó ń to àwòṣe náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á yọ ẹ̀yà inú páálí kan fi tún òmíràn ṣe. Ọmọ náà dákẹ́ lọ bí mo ṣe sọ èyí tán. Ó gbé bọ́ọ̀lù kékeré yẹn dání fún ìgbà pípẹ́ kó tó lẹ̀ ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ìbọn. Ìbọn ńlá kan wà ní iwájú Daring. Ihò ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 114. Bí ẹ bá pín in sí ọ̀nà 350, kò ju ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta mìlímítà kan lọ. Ike kò lè tẹ́ẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó má ṣẹ́. Nítorí náà wọ́n mú kí ìbọn náà nípọn ju bó ṣe yẹ lọ. Irin ìdìmú ẹ̀bá ọkọ̀ tún wá burú jù. Bí ẹ bá fi ìdá 350 wọn èyí tó wà nínú páálí padà sí ti gidi, irin tí ológun ń fọwọ́ dì mú á nípọn bí òpó iná. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ jù ú nù. Àwọn kan ń ta irin ìdìmú tí wọ́n fi idẹ tín-ín-rín ṣe, ẹ̀mú lẹ óò fi gbé e, ẹ má sì mí sí i. Àmọ́ ti ìbọn yẹn, n kò bá wọn jà. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa láyé àtijọ́, ṣé wọn kò mọ̀ pé orí èèyàn kò tó ìdá mẹ́ta ara rẹ̀ ni? Wọ́n mọ̀. Orí ló ṣe pàtàkì lójú wọn, ni wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ tóbi. Ọmọdé tó bá ra ọkọ̀ ogun, ìbọn ni yóò kọ́kọ́ wá, ilé iṣẹ́ sì fún un ní ìbọn.

Ibi tí mo ti bá wọn jà ni pé agbára ọkọ̀ yìí kò sí lára ìbọn. Lẹ́yìn ìbọn náà, ẹ óò rí ilà onígun mẹ́rin wẹ́wẹ́ lórí pẹpẹ. Ìdérí ihò mísáìlì ni, 48 ni wọ́n. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ kan ọkọ̀ náà nìyẹn. Ní oṣù Disẹ́ńbà 2023, lójú Òkun Pupa, láti inú irú ihò bẹ́ẹ̀ ni HMS Diamond, àbúrò Daring, ti yin mísáìlì tó já ọkọ̀ òfurufú aláìláwakọ̀ kan lulẹ̀. Nínú àwòṣe wa, ilà lásán ni wọ́n fà síbẹ̀, kò sí ìdérí kan tó ṣeé ṣí. Bí kì í bá ṣe pé mo fi ìka tọ́ ọ, ọmọ náà ì bá kun ọ̀dà bò ó kó sì kọjá lọ.

Inú ọkọ̀ ńkọ́? Inú ọkọ̀ ṣófo bí agbè. Mo mọ̀ pé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, ẹni kan kì í sì í rí inú. Àmọ́ inú gan-an ni ẹjọ́ Daring wà. Ọkọ̀ yìí, iná mànàmáná ni wọ́n fi ń wà á. Ẹ́ńjìnnì tọ́báìnì méjì àti jẹnẹrétọ̀ dísù méjì ló kọ́kọ́ ń pèsè iná tó ń yí àjẹ̀ rẹ̀, iná náà ló ń tan fìtílà, òun ló sì ń bọ́ rédà. Ẹ̀rọ kan wà tó yẹ kó máa tu tọ́báìnì náà lára. Nígbà náà, bí ọkọ̀ bá dé inú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, apá ẹ̀rọ náà kì í ká a mọ́. Tọ́báìnì á kú, ẹrù á wó lé jẹnẹrétọ̀ kékeré méjèèjì, àwọn náà á kú. Gbogbo ọkọ̀ á ṣókùnkùn biribiri láàárín òkun, bí ìgbà tí NEPA ayé ìjọsí bá mú iná lọ nígbà tí ẹ ń wo bọ́ọ̀lù. Ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin wọn ní 2016. Àtúnṣe tí wọ́n rí ni pé kí wọ́n la ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, kí wọ́n yọ jẹnẹrétọ̀ méjì, kí wọ́n fi mẹ́ta tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ sí i. Daring fúnra rẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní 2017, ó sì lò ju ọdún mẹ́fà lọ láì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ wá wo àwòrán ara páálí. Òkun búlúù, ìgbì funfun, iná ń yọ lẹ́nu mísáìlì, Daring ń sáré bí ẹfọ̀n. Ìtàn kúkurú wà lẹ́yìn rẹ̀ nípa eré rẹ̀ àti rédà rẹ̀. Kò sí gbólóhùn kan nípa iná tó ń kú. N kò ní kí wọ́n ya ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ sára páálí, ta ni yóò rà á? Àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ń rò ó láti lọ gbé inú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ẹnì kan sọ fún un. Èmi ni mo sọ ọ́. Ó ní òun mọ̀, òun ti kà á tipẹ́. Ó ní ìdí nìyẹn tí òun fi fẹ́ ṣe ẹnjiníà níbẹ̀. Ẹ gbọ́ mi? Ọgbọ́n tí mo dá ti já sí ibòmíràn.

Lápapọ̀, iṣẹ́ náà dára, owó tí mo san kò dùn mí. Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ ra sáńpépà sí i nítorí òpó, ẹ má fi irin ìdìmú inú páálí sí i, kí ẹ sì fi ọ̀dà funfun díẹ̀ sínú àwọ̀ eérú yẹn, nítorí ohun kékeré tí a kùn ní àwọ̀ ohun ńlá máa ń ṣókùnkùn jù. Ẹni tí kò bá to nǹkan rí, kó fi ọkọ̀ tó kéré jù bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ó ku ẹ̀sùn kan ṣoṣo, kì í sì í ṣe èmi ni mo mú un wá. Ní Sátidé tí a parí ẹlikópítà tó ń bà sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ọmọ náà bi mí pé, "Ọ́ńkù, èèyàn mélòó ló ń gbé inú Daring?"

Mo ní, "Bíi 190."

"Kí ló wá dé tí kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú páálí?"

Mo ní wọ́n kéré jù. Ó gbé ẹlikópítà náà sókè, ó fi abẹ̀bẹ̀ orí rẹ̀ hàn mí. Ó ní, "Èyí tín-ín-rín ju èèyàn lọ, wọ́n sì ṣe é." N kò rí ìdáhùn fún un. Mo yẹ inú ìwé ìlànà wò láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ti ìgbẹ̀yìn, n kò rí èèyàn kan níbẹ̀, àní kí wọ́n ya ẹnì kan síbi kan ká fi mọ bí ọkọ̀ náà ṣe tóbi tó.

Nígbà tí mo padà dé ní Sátidé kejì, ó ti gé ike tó ṣẹ́kù lára férémù ní mìlímítà márùn-ún márùn-ún, ó kùn wọ́n ní búlúù, ó sì fi góòmù tò wọ́n sórí pẹpẹ ẹ̀yìn ọkọ̀. Mo kà wọ́n. Ogún ni wọ́n. N kò bi í léèrè ìdí tó fi jẹ́ ogún.

Ìyá rẹ̀ gbé àwo ìrẹsì wá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò wọ́n. Ó ní, "Kí ni gbogbo wẹ́wẹ́ wọ̀nyí?"

"Àwọn èèyàn ni, Mọ́mì."

"Èwo ni ìwọ níbẹ̀?"

Ó ní, "Mi ò tíì sí níbẹ̀."

Lórí firíìjì ni ọkọ̀ náà wà títí di òní. Irin ìdìmú kò tíì sí lára rẹ̀, ọmọ náà ní yóò di àsìkò ìsinmi. Àbúrò mi pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní "tíì" tí ọmọ yẹn sọ kò jẹ́ kí òun fojú kan oorun.